Ọba Mọ́rọ̀: Àyẹ̀wò Ìtàn Ọba tí Ó Mú Iwin àti Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ

Ní sáà kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, a ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ìpele àgbà ní ilé-ìwé girama kan ní Ìbàràpá ní ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ eré oníṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. A dé orí Aláàfin Abípa, ọba tí a ń pè ní Ọba Mọ́rọ̀ nítorí pé ó mú iwin. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà rárá, a béèrè lọ́wọ́ wọn pé, ‘Kí ni ẹ rò pé wọ́n fi ń mú iwin?’ Èrò wa ni pé wọn yóò dárúkọ ọfọ̀ tàbí oògùn. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó dìde, ó ní àpótí ni. Ó ní a óò kọ́kọ́ fi iná tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn dè é mọ́ ojú kan, a óò ti àpótí sí abẹ́ rẹ̀, ìdérí àpótí yóò ṣí, yóò sì fa iwin náà wọlé. Àwọn bíi márùn-ún fọwọ́ sí i. Ẹnì kan tilẹ̀ tún un ṣe fún un pé iná ẹnì kan kò gbọdọ̀ kan ti ẹnì kejì.

A wádìí, a sì rí i pé eré orí kọ̀ǹpútà kan tí ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn gbé ti Ìbàdàn bọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ghostbusters ni orúkọ rẹ̀. Fíìmù ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984. Ivan Reitman ni ó darí rẹ̀; Dan Aykroyd àti Harold Ramis ni wọ́n kọ ọ́, àwọn méjèèjì sì tún wà lára àwọn òṣèré rẹ̀. Ní ọdún 1984 kan náà ni David Crane ti ilé-iṣẹ́ Activision sọ ọ́ di eré orí kọ̀ǹpútà. Nínú eré ti Crane, iṣẹ́ ajé ni mímú iwin: ẹni tí ń ṣe é yóò fi owó ìbẹ̀rẹ̀ ra ọkọ̀ àti ohun èlò, yóò wa ọkọ̀ lọ sí ilé tí iwin bá ti yọjú, yóò sì gba owó lórí èyí tí ó bá mú. Ní ọdún 2009 wọ́n tún ṣe òmíràn jáde, àwọn òṣèré fíìmù náà fúnra wọn sì fi ohùn sí i. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ Wii ní ọdún náà, bí àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ya àwọn ènìyàn inú rẹ̀, kí tọmọdé tàgbà lè jọ jókòó ti eré náà. Ẹ̀rù inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń lé oorun lójú ọmọ. Ẹ̀rín ni ó pọ̀ jù.

A kò bá eré yìí jà. A ti jókòó ti í, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín. Ohun tí ó dùn wá ni pé nígbà tí a sọ fún kíláàsì pé ọba Yorùbá kan ti mú iwin ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn ní, ‘Ṣé ọba náà ti wo fíìmù yẹn ni, sà?’ Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ tún ìtàn Ọba Mọ́rọ̀ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé bí a ti ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé, tí a sì ń béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò, ibi tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni a ń fò. Àwa pẹ̀lú ti fò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, a óò sì sọ ohun tí ó dá wa dúró.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kó pọ̀ níbi: ọ̀rọ̀ tí a ń fi ẹnu sọ, ọ̀rọ̀ tí í ṣe iwin inú igbó àti inú igi, àti Orò tí obìnrin kì í rí. Ẹ̀kejì ni ó wà nínú orúkọ ọba yìí. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé D. O. Fágúnwà yóò ti pàdé irú wọn. Mú àti ọ̀rọ̀ ni ó pàdé. A pa fáwẹ̀lì mú jẹ, ohùn òkè orí rẹ̀ kò bá a lọ, ó bọ́ sórí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e, a sì gbọ́ mọ́rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé mọ̀ àti ọ̀rọ̀ ni, mọ̀rọ̀ ni ìbá jẹ́. A ti rí ìwé ìdánwò kan tí wọ́n tẹ ‘Oba Moro’ sí láìsí àmì kankan, tí wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé orúkọ náà. Ọmọ kan kọ ọ́ pé ọba tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, ó sì fi odindi ojú ewé kan ṣàlàyé bí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wúlò tó fún ọba. Òdo ni wọ́n fún un. Ní tiwa, ẹni tí ó tẹ ìbéèrè náà ni òdo tọ́ sí.

Iwin ni a ó máa lò nínú àpilẹ̀kọ yìí nítorí pé òun ni ó gbòòrò jù. Àkúdàáyà yàtọ̀ sí i: òun ni ẹni tí ó kú ní ìlú kan tí a sì rí i ní ìlú mìíràn tí ó ń gbé bí alààyè. Egúngún tún yàtọ̀ pátápátá. Ará ọ̀run ni, baba ni a ń pè é, ẹnikẹ́ni kì í sì í ronú àtimú un.

Ó di orí ìtàn. Ní ayé Aláàfin Onígbogí ni àwọn Tápà kọ lu Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n sì tú u. (Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní Ìbàràpá gbọ́dọ̀ dúró níbi fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé Tápà jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú méje tiwa. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti bi wá bí ó ti ṣe jẹ́ tí àwọn aládùúgbò wa yìí fi lágbára tó báyẹn. Àwọn Núpé tí ń gbé lẹ́bàá odò Ọya ni ìtàn ń sọ.) Onígbogí sá lọ sí Gbere ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ọ̀fínràn ọmọ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ṣùgbọ́n kò dé ilé. Egúnojú ni ó tẹ Ìgbòho dó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ jẹ, Ajíbóyèdé sì jẹ, kí ó tó kan Abípa. Ibojì Aláàfin mẹ́rin ni ó wà nínú igbó ọba ní Ìgbòho. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí Abípa fi gorí oyè, ọmọ tí a bí ní Ìgbòho ti di àgbàlagbà, ó ti ní ọmọ, ó sì ti sin òkú bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Samuel Johnson ní ìtumọ̀ orúkọ Abípa ni ẹni tí a bí sí ipa ọ̀nà. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ọba tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ni ó pinnu pé àwọn gbọ́dọ̀ dé ilé.

Johnson yìí ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fún wa. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901. Ìwé tí ó fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé sọnù, Obadiah àbúrò rẹ̀ sì fara balẹ̀ tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ó tó jáde ní 1921. Ẹnu àwọn aròkin Ọ̀yọ́ ni Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó ti sọ ọ́ nìyí, ní ọ̀rọ̀ tiwa.

Abípa fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ wo ojú ọba kí wọ́n ní àwọn kò lọ. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ọba fẹ́ rán ènìyàn lọ wo ibùdó àtijọ́, wọ́n sáré rán tiwọn ṣáájú. Baṣọ̀run rán abuké. Alápìn-ín-ni rán àfín. Aṣípa rán adẹ́tẹ̀. Ṣàmù rán ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú. Lágùnnà rán aràrá. Akínikú rán arọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán wọn ni pé kí wọ́n máa rìn káàkiri orí òkè ní òru, pẹ̀lú iná lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa ké pé kò sí àyè níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ìránṣẹ́ ọba ti rí iná nínú ahoro, tí wọ́n gbọ́ igbe, tí wọ́n sì rí ìrísí àwọn tí ń bọ̀, wọ́n sá. Wọ́n wá jíṣẹ́ fún Kábíyèsí pé àwọn iwin ti gba Ọ̀yọ́-Ilé.

Ẹnì kan ní ààfin mọ àṣírí náà. Johnson pè é ní Ológbò, olórí àwọn aròkin. Òun ni ó tú u fún ọba. Ọba kò sọ nǹkan kan fún àwọn ìjòyè. Ó yan àwọn ògbójú ọdẹ, ó ní kí wọ́n lọ mú àwọn iwin náà wá láàyè. Wọ́n lọ, wọ́n sì mú wọn, nítorí pé ẹni tí ó ń sun igbó kò ní sá fún ẹni tí ń gbé iná kiri orí òkè. Wọ́n kó wọn wọ Ìgbòho, ọba sì fi wọ́n pa mọ́.

Ní ọjọ́ tí gbogbo ìjòyè pé jọ sí ààfin, ọba ní kí wọ́n gbé ọtí fún wọn. Abuké ni ó gbé igbá ọtí jáde fún Baṣọ̀run. Àfín gbé ti Alápìn-ín-ni. Adẹ́tẹ̀ gbé ti Aṣípa. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ó fi kan arọ tí Akínikú rán. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan gbójú sókè, ó rí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, igbá sì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ọba kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun, àwọn náà kò sì lè fèsì. Wọ́n gbà láti ṣí lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí ó tú wọn síta. Wọ́n fún Ológbò ní májèlé, ó sì kú. Ọba dá a lọ́lá ní ikú: ó ní kí wọ́n fi awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wé òkú rẹ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ sin sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹni tí ó jẹ́ kí ìpadàbọ̀ náà ṣeé ṣe, òkú rẹ̀ ni ó bá wọn padà.

Ibí ni ìtàn náà parí sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń lò, a kò sì fi Ológbò kún un rárá nínú òmíràn. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Kò sí ọfọ̀. Kò tilẹ̀ sí iwin. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn alágbára tí kò fẹ́ ohun kan, tí wọn kò sì fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn ni kò fẹ́ ẹ. Èsì tí ọba fún wọn, àrokò ni. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé owó ẹyọ, ìyẹ́, àti kànìnkànìn ni a fi ń pa àrokò. Ènìyàn mẹ́fà pẹ̀lú igbá ọtí mẹ́fà ni ti Abípa, àwọn tí ó pa á fún sì kà á láìsí ògbufọ̀.

Ǹjẹ́ ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́? Robert Smith, ẹni tí ó tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní 1965 lórí àkókò tí àwọn Aláàfin fi wà ní Ìgbòho, gbà pé ìgbà náà kì í ṣe àlọ́, pé sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹtàdínlógún ni a lè fi í sí. Ibojì àwọn ọba àti ìtàn tí àwọn ará Ìgbòho ń sọ jẹ́rìí sí i. Ní ti iwin mẹ́fà, ìjòyè mẹ́fà, àbùkù ara mẹ́fà tí ọ̀kan kò jọ ìkejì, ìtàn tí ó bá tò gún tó báyìí, ọwọ́ aròkin ti kan án. A kò rí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Pé àríyànjiyàn wà lórí ìpadàbọ̀, pé ìjòyè kọ̀, pé ọba borí, ìyẹn kò ṣòro láti gbà gbọ́.

Ó sì yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún Ọ̀yọ́ Mèsì. A sábà máa ń kọ́ ọmọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ahoro ni ọba ní kí wọ́n padà sí. Oko wọn, ilé wọn, òkú wọn wà ní Ìgbòho. Ìlú náà ní odi. Àwọn Tápà tí ó tú Ọ̀yọ́-Ilé kò sì tíì lọ sí ibì kan. Ní Ìbàràpá níbí, kò sí agboolé tí kò ní ìtàn pé ibì kan ni a ti ṣí wá. Àwọn bàbá wa kan padà sí ibùdó àtijọ́, àwọn mìíràn ní ibi tí àwọn dé yìí ni ilé. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá ti sọ tẹnu wọn ní gbangba, àwa tí a ń gbọ́ ọ lónìí lè gba tiwọn. Ohun tí wọ́n ṣe dípò rẹ̀ ni ó mú ẹ̀bi wá.

Fún àwa olùkọ́, ibi tí ìtàn náà ti wọ ìwé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ eré oníṣe. Joel Adédèjì, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe lórí eré Alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, so ìbẹ̀rẹ̀ eré náà mọ́ ààfin Ìgbòho. Lójú rẹ̀, àwọn mẹ́fà orí òkè yẹn ni ó di ẹ̀dá eré tí a ń rí lẹ́yìn náà lára àwọn eégún aláré, Ológbìn Ológbojò sì ni ó fìdí eré náà múlẹ̀ ní ààfin. Àwọn olùyẹ̀wò kan ń gba Ológbò ti Johnson, àwọn kan ń gba Ológbìn Ológbojò ti Adédèjì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì kọ èyí tí olùyẹ̀wò rẹ̀ kò kà ti gbé. A rọ̀ wá pé kí a gba méjèèjì, nítorí pé ẹni méjì ni ó sọ ọ́. Ní ti eégún aláré, àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó tiwa ní Igbó-Ọrà àti Erúwà kò nílò kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. A ti rí i tí ó pa ara dà di Tápà eléébú, di ọ̀gá ọlọ́pàá, di ìyàwó olójú kòkòrò. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ báyìí ni kò mọ̀ ọ́n bí kò ṣe nínú ìwé.

Ìtàn náà tún padà sórí ìtàgé ní ayé òde òní. Nígbà tí wọ́n ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo ní oṣù kẹta 1962, eré tí Dúró Ládipọ̀ gbé jáde níbẹ̀ ni Ọba Mọ́rọ̀. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣe Ọba Kò So, èyí tí ó gbé e dé Berlin ní 1964 tí ó sì fi òkìkí bo ti ìṣáájú mọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá fíìmù àti eré mímú iwin ti ilẹ̀ Yorùbá, ibí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀: ọdún 22 ṣáájú ti Amẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn ti jókòó ní Òṣogbo tí wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe mú iwin níwájú ọba.

Lẹ́yìn ìdáhùn àpótí yẹn, a rò pé a ti rí ọ̀nà. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn eré mímú iwin, ẹ jẹ́ kí a sọ ti Abípa di eré fún wọn. A ka ìtàn náà sí wọn létí. A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé tẹ̀ríntẹ̀rín ni a kà á. Nígbà tí a dé orí abuké, àfín, aràrá, arọ, ohùn wa ń gòkè bí ti ẹni tí ń ki oríkì, kíláàsì sì ń pariwo. A ní kí wọ́n yan ọba, ìjòyè, ọdẹ àti iwin láàárín ara wọn. A jókòó sẹ́yìn, ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí itan wa.

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi dárúkọ ọmọkùnrin kan tí ó ń fi igi rìn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Gbogbo wọn ni ó dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n dárúkọ ọmọbìnrin kan tí ó kúrú jù nínú kíláàsì. Ọmọkùnrin náà dìde, ó mú igi rẹ̀, ó rìn lọ síwájú, ó dúró. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó yẹ kí a dá eré náà dúró, a kò dá a dúró. Wọ́n mú un, wọ́n dè é, wọ́n fi ẹnu ṣe ìró àpótí tí ń pa dé. Ní ọjọ́ kejì, kò wá sí ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ kẹta, ó dé, ó wá bá wa nínú yàrá àwọn olùkọ́. Àforíjì ni a fẹ́ tọrọ, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, sà, arọ tí Akínikú rán yẹn, ta ni ó gbé e gun òkè?’

Ọdún tí a ti fi ń kọ́ ìtàn yìí ju mẹ́wàá lọ. A kò bi ara wa bẹ́ẹ̀ rí. Láti Ìgbòho dé Ọ̀yọ́-Ilé kì í ṣe ìrìn tí ènìyàn ń fi ọ̀pá rìn ní ọ̀sán kan. Arọ kò dá a rìn. Ẹnì kan gbé e, tàbí ẹṣin gbé e, ẹni tí ó sì ní ẹṣin tàbí ẹrú tí yóò gbé ènìyàn ni ìjòyè. Adẹ́tẹ̀ náà kò dá ara rẹ̀ yàn. Wọ́n wo inú agboolé wọn, wọ́n wá ẹni tí àwọn ènìyàn ti ń sá fún tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ máa bẹ̀rù-bà-wọ́n fún àwọn. Iṣẹ́ tí ayé ti gbé lé onítọ̀hún lórí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni wọ́n tún fi rán an. Bí ọba bá sì bínú, orí ta ni ìbínú náà yóò kọ́kọ́ bọ́ sí?

A tún Johnson kà ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìbéèrè ọmọ yìí lọ́kàn. Ìgbà náà ni ó yé wa pé gbogbo ìtàn náà ń tọ́ka sí ẹni tí ó ránni. Bí ó bá jẹ́ iwin ni ó ṣe pàtàkì, ìtàn ìbá parí ní orí òkè nígbà tí ọdẹ mú wọn. Kò parí níbẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹni tí a rán àti ẹni tí ó rán an wo ojú ara wọn, tí igbá ọtí wà láàárín wọn. Níbi ni ó ti yàtọ̀ sí eré orí kọ̀ǹpútà yẹn. Nínú ìyẹn, iwin kò ní ilé, kò ní ẹbí; bí ó bá ti wọ inú àpótí, iṣẹ́ ti parí, owó ti wọlé. Òkú tiwa kì í gba inú àpótí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣí ìpà fún un, wọn a kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọn a sun ìrèmọ̀jé, kí ó má baà máa dí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú igbó. Wọ́n gbà pé òkú tí ń yọni lẹ́nu ní ohun tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè, wọn a sì san án. Àwọn ọdẹ tí Abípa rán mọ èyí, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú àwọn mẹ́fà náà wálé láìpa wọ́n lára.

Ìyípadà tí ó ti bá ẹ̀kọ́ wa láti ìgbà náà kò pọ̀. A kì í yan iwin nípa ìrísí mọ́. Aṣọ funfun kan náà ni gbogbo àwọn mẹ́fà ń dà bo ara, ẹni tí ó bá wù ú ni ó ń ṣe é. Àwọn ìjòyè ni a ń lo àkókò lé lórí. Kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni, ìjòyè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dìde sọ ìdí tí kò fi fẹ́ kúrò ní Ìgbòho, kí ó sì sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí kíláàsì yóò fẹ́ gba tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yan ẹni tí yóò rán, níṣojú gbogbo wa, yóò sì sọ ìdí tí ó fi jẹ́ onítọ̀hún. Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń rọlẹ̀. Ọmọkùnrin tí a wí yìí ṣe Akínikú ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a lo ọ̀nà tuntun yìí. Nígbà tí wọ́n gbé igbá dé iwájú rẹ̀, ó ní òùngbẹ kò gbẹ òun.

Ní ti ìdánwò, a ti mú ìbéèrè tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to ẹni tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán kúrò nínú ti ilé-ìwé wa. Òǹkà lásán ni, ó sì ń kọ́ ọmọ láti ka ènìyàn bí ẹni ń ka ẹrù. A fi méjì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n sọ ìdí tí ọba kò fi bá àwọn ìjòyè wí. Ìkejì ni ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, pé kí ni wọ́n fi mú iwin, pẹ̀lú àmì ohùn lórí orúkọ ọba bí ó ti yẹ. Ọmọ tí ó ti ní àpótí ni kọ ọ́ pé igbá ọtí ni. Ó fi àlàyé ìlà mẹ́ta tì í lẹ́yìn. Ó gbàgbé àmì orí Mọ́rọ̀, a sì yọ máàkì kan.